Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ títẹ tíṣẹ́ẹ̀tì, ẹ yanjú ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti ooru ná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ máa tẹ àwòrán sára tíṣẹ́ẹ̀tì nílé. Mo ti ra férémù kan tó ti ní mesh (àwọ̀n tínrín) lójú, èyí tí wọ́n ń pè ní screen, emulsion (oje tí a ń kùn sójú mesh, tí ìmọ́lẹ̀ ń mú le), squeegee kan (rọ́bà tí a fi ń fa yíǹkì) àti yíǹkì dúdú olómi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni emulsion ti bọ́ kúrò lójú screen bí mo ṣe ń da omi sí i, àti àwòrán àti ohun tó yí i ká ló bá omi lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dúró díẹ̀, mo sì rí aṣọ mẹ́rin tẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo fọ̀ wọ́n, àwòrán ṣá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára wọn. Àwọn kan ní kí n lọ ra ẹ̀rọ alápá mẹ́rin, èyí tó ń gbé screen mẹ́rin dání. Ṣé òun ló kù? Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó sórí ẹ̀rọ kankan. Ẹ̀rọ alápá mẹ́rin dára fún ẹni tó fẹ́ tẹ àwọ̀ mẹ́ta, mẹ́rin sára aṣọ kan, tí kò fẹ́ kí àwọ̀ kan gun orí èkejì. Kì í mú emulsion dúró lójú screen, kì í sì í mú yíǹkì dúró lára aṣọ. Nínú ohun méjì tó ń yọ yín lẹ́nu yìí, ìmọ́lẹ̀ ló wà nídìí àkọ́kọ́, ooru ló wà nídìí èkejì, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ti ń kọsẹ̀. Fífa yíǹkì kọjá lójú screen, tí gbogbo ayé ń wò bíi pé òun ni iṣẹ́ náà, kì í pẹ́ kó tó mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Ká tó lọ síwájú: screen ní ojú méjì. Ojú ìta ni èyí tó ń kan aṣọ. Inú ni ibi tí a ń da yíǹkì sí, tí squeegee ń rìn. Bẹ́ẹ̀ ni mo máa pè wọ́n.

Emulsion máa ń gan nígbà tí ìmọ́lẹ̀ UV, irú ìmọ́lẹ̀ inú oòrùn tí ojú kì í rí, bá kàn án. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá dé á le, omi ò ní lè ṣí i mọ́. Ibi tí dúdú ara fíìmù (ọ̀rá tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, tí a fi yíǹkì dúdú tẹ àwòrán sí) bá bò á ṣì rọ̀, omi á gbé e lọ, ojú mesh á là, ibẹ̀ ni yíǹkì á gbà bọ́ sára aṣọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá wá bá omi lọ, á jẹ́ pé kò le tó. Ó lè jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ náà kò tó, ó lè jẹ́ pé emulsion ò tíì gbẹ dénú nígbà tí ẹ gbé e síwájú iná, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀rá ti wà lójú mesh kí ẹ tó kùn ún.

Ẹ ò sọ irú iná tí ẹ lò, òun sì ni mo kọ́kọ́ fura sí. Gílóòbù LED tí a fi ń tan ìmọ́lẹ̀ sí yàrá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní UV nínú rárá. Ó lè máa tàn yòò lójú yín, síbẹ̀ kí emulsion má mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tan iná. Iná LED tí wọ́n dìídì ṣe fún UV, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà láàárín 365 sí 405 nanometer, ni kí ẹ wá. Oòrùn náà ń ṣiṣẹ́, kò sì ná yín ní nǹkan kan, àmọ́ agbára rẹ̀ ní àárọ̀ kì í ṣe agbára rẹ̀ ní ọ̀sán, ìkùukùu kékeré kan sì tó láti ba ìṣirò jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lo oòrùn, kó máa lò ó ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́, kó sì mọ̀ pé lọ́sàn-án gangan, ìṣẹ́jú kan lè ti pọ̀ jù fún àwọn emulsion kan.

Ohun kejì tí mo fura sí ni gbígbẹ. Emulsion máa ń gbẹ lójú kó tó gbẹ nínú. Ẹ fọwọ́ kàn án, kò lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ rò pé ó ti yá, bẹ́ẹ̀ ọ̀rinrin ṣì wà láàárín òwú mesh. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan emulsion tó ṣì tutù nínú, kò ní le dáadáa, bó ti wù kó pẹ́ tó níwájú iná. Ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú bí ẹ bá lè ṣe é, nínú òkùnkùn, kí fáànù máa fẹ́ sí i. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja kí ojú ìta kọjú sísàlẹ̀, kí emulsion lè rọra wọ́ lọ sí ìhà tó ń kan aṣọ. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù rinrin, ẹ fún un ní àkókò tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá nílò iná láti ríran nínú yàrá náà, iná aláwọ̀ yẹ́lò ni kí ẹ tàn.

Ti ọ̀rá kò le. Mesh tuntun pàápàá máa ń ní òróró díẹ̀ lára láti ilé iṣẹ́. Ẹ fi ọṣẹ ìfọbọ́ tó mọ́, tí kò ní ìpara nínú, fọ ojú méjèèjì, ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ jẹ́ kó gbẹ, lẹ́yìn náà kí ẹnikẹ́ni má fi ìka kàn án mọ́. Kí ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ fi ìka lu mesh náà: ó yẹ kó dún bí awọ ìlù tó le. Èyí tó bá dẹ̀, ẹ tún un fà tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, torí kò ní jẹ́ kí etí àwòrán dá ṣáká láéláé.

Bí ẹ bá ń kùn ún, ẹ̀ẹ̀kan ní ojú ìta, ẹ̀ẹ̀kan ní inú, fẹ́ẹ́rẹ́. Irin gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní scoop coater ló ń jẹ́ kó dọ́gba, ó sì wà nínú nǹkan díẹ̀ tí mo gbà pé kí ẹ fowó rà. Kíkùn tó nípọn kì í jẹ́ kí screen lágbára bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ńṣe ló ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà kó má dé inú.

Báyìí, kí ẹ lè mọ iye ìṣẹ́jú tí iná tiyín ń fẹ́, ìdánwò kan wà tó ń parí awuyewuye. Ẹ kun screen kan, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ gbé fíìmù kan lé e tó ní ìlà tínrín, ìlà tó nípọn àti lẹ́tà kéékèèké láti etí kan dé èkejì. Ẹ fi páálí bò ó, kí ìdá kan nínú márùn-ún ṣoṣo ṣí sílẹ̀. Ẹ tan iná fún ìṣẹ́jú 2. Ẹ fa páálí sẹ́yìn kí ìdá kejì náà ṣí, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 2 sí i, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi ṣí. Nígbà tí ẹ bá parí, ìdá àkọ́kọ́ ti gba ìṣẹ́jú 10, èyí tó kẹ́yìn gba 2 péré. Ẹ wá fọ̀ ọ́.

Bí ẹ ṣe ń fọ̀ ọ́ ni kí ẹ fi ìka kan inú screen, kì í ṣe ojú ìta. Láti ojú ìta ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, inú ló ń dé gbẹ̀yìn, nítorí náà inú ló máa kọ́kọ́ tú àṣírí. Ní apá tí ìmọ́lẹ̀ kò tó, inú á máa yọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ìka yín á sì gba àwọ̀ emulsion. Ní apá tó pọ̀ jù, inú á le dáadáa, àmọ́ àwọn ìlà tínrín kò ní là, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Ìdá tí inú rẹ̀ kò yọ̀, tí ìlà tínrín rẹ̀ sì là, iye ìṣẹ́jú tiyín nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sára ìgò emulsion náà. Tí ẹ bá pààrọ̀ iná, emulsion tàbí mesh, tàbí tí ẹ sún iná súnmọ́ tòsí, ẹ tún ìdánwò náà ṣe.

Fíìmù náà ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Ẹ gbé e sókè síwájú iná tó mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń rí ìmọ́lẹ̀ gba inú dúdú rẹ̀ kọjá, emulsion náà ń rí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tò wọ́n léra, kí wọ́n bá ara wọn mu géérégé. Tí ọ̀rọ̀ Yorùbá bá wà nínú àwòrán yín, ẹ mú àmì orí àti ti ìsàlẹ̀ lẹ́tà tóbi ju bí kọ̀ǹpútà ṣe fi wọ́n sí lọ, torí àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń dí: ìmọ́lẹ̀ ń yọ́ gba etí fíìmù wọ abẹ́ wọn. Ìdí nìyí tí gíláàsì tí a ń gbé lé fíìmù fi gbọ́dọ̀ wúwo. Ẹ tẹ́ aṣọ dúdú sílẹ̀, ẹ gbé ohun rírọ̀ tó wọ inú férémù lé e, ẹ da screen bò ó kí ojú ìta kọjú sókè, ẹ gbé fíìmù lé e kí ẹ máa rí àwòrán rẹ̀ ní òdìkejì bí ìgbà tí ẹ bá wò ó nínú dígí, kí ìhà tó ní yíǹkì sì kan emulsion. Gíláàsì á tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí gíláàsì náà jẹ́ lásán o. Èyí tí wọ́n ṣe láti dáàbò bo fọ́tò lọ́wọ́ oòrùn máa ń dá UV dúró.

Lẹ́yìn ìmọ́lẹ̀, ẹ fi omi rin ojú méjèèjì, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tó wọ́n omi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láti ojú ìta títí àwòrán á fi là. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ gbé e padà síwájú iná tàbí oòrùn láìsí fíìmù. Ìmọ́lẹ̀ kejì yìí ń mú kó le sí i, ó sì ṣe pàtàkì fún ẹ̀yin tó ń lo yíǹkì olómi, torí omi inú yíǹkì máa ń jẹ emulsion díẹ̀díẹ̀. Ẹ yẹ ìgò yín wò pẹ̀lú: àwọn emulsion kan wà tó jẹ́ fún plastisol (yíǹkì oníke) nìkan, irú wọn kì í bá omi ṣọ̀rẹ́.

Títẹ̀ fúnra rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Pákó kan tó tẹ́jú, pẹ̀lú irin méjì tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí tó fi ń padé láti fi de férémù mọ́ ọn, ti tó fún àwọ̀ kan. Ẹ fi nǹkan bí owó ẹyọ méjì sábẹ́ férémù níwájú, kí àlàfo bíi mílímítà 3 wà láàárín mesh àti aṣọ. Rọ́bà squeegee tó le ní ìwọ̀n 70 ló bá ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mu, kó sì fẹ̀ ju àwòrán lọ díẹ̀ ní ìhà méjèèjì. Ẹ gbé screen kúrò lára aṣọ, ẹ fi squeegee wọ́ yíǹkì bo àwòrán láìtẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ gbé squeegee nàró kó tẹ̀ díẹ̀ sọ́dọ̀ yín, ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan, agbára kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí i. Bó bá ń dún ṣààà lọ, tí mesh sì ń ṣí kúrò lára aṣọ lẹ́yìn squeegee bó ṣe ń kọjá, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Bí screen bá lẹ̀ mọ́ aṣọ tí ẹ fi ní láti já a, àlàfo náà kò tó tàbí mesh ti dẹ̀. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé ó ń bá a jà á rí yíǹkì lẹ́yìn aṣọ, etí àwòrán á sì fọ́.

Mesh 110, ìyẹn òwú 110 nínú íńṣì kan, tí àwọn mìíràn ń kọ bíi 43T, dára fún lẹ́tà ńláńlá. Fún iṣẹ́ tó ní ìlà tínrín, 156 ni mo máa ń gbà èèyàn nímọ̀ràn. Ẹ fi 230 sílẹ̀ ná.

Yíǹkì olómi ní àléébù kan tí ẹ ó tètè rí: ó máa ń gbẹ sójú mesh. Láàárín aṣọ kan sí èkejì, ẹ jẹ́ kí yíǹkì bo àwòrán, ẹ má fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò. Bí ẹ bá fẹ́ lọ jẹun, ẹ fọ screen kí ẹ tó lọ.

Ó kan ti aṣọ tó ṣá. Yíǹkì tó gbẹ kì í ṣe yíǹkì tó jinná. Bí ọ̀pọ̀ yíǹkì olómi bá ti gbẹ lára aṣọ, ẹ lè fọwọ́ pa á, ẹ lè wọ̀ ọ́, kò ní ṣí. Omi àti ọṣẹ ló máa fi hàn pé kò tíì dì mọ́ òwú. Ooru ló ń dì í. Púpọ̀ nínú wọn ń fẹ́ bíi 150 sí 160 lórí ìwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ohun tí wọ́n kọ sára ike tiyín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ibi tí èèyàn ti ń ṣìnà ni pé bí omi bá ṣì wà nínú yíǹkì, gbogbo ooru tí ẹ ń fún un ń lọ sórí lílé omi náà jáde. Yíǹkì náà kò ní gbóná ju bí omi tó ń hó lọ títí omi á fi tán, lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbóná gidi tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ka ìṣẹ́jú 3 láti ìgbà tí aṣọ ṣì tutù lè máà tíì fún un ní ìṣẹ́jú kan péré tó wúlò. Nítorí náà, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa ná, mọ́jú ló dára jù, kí ẹ tó fi ooru sí i.

Áyọ́ọ̀nù lè ṣe é. Ẹ yí i sí ibi tó gbóná jù tí aṣọ òwú lè gbà, kí omi má sí nínú rẹ̀, ẹ tẹ́ bébà tí kì í lẹ̀ mọ́ nǹkan gbígbóná lé àwòrán, ẹ sì tẹ ojú kọ̀ọ̀kan pẹ́ tó, nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 sí 5, kí ẹ tó sún síwájú. Ẹ yí aṣọ padà, kí ẹ ṣe inú rẹ̀ náà. Iṣẹ́ sùúrù ni, ooru áyọ́ọ̀nù kò sì dọ́gba: àárín rẹ̀ lè gbóná ju ẹnu rẹ̀ lọ. Fún aṣọ márùn-ún, ẹ fara dà á. Tó bá ti di pé ẹ fẹ́ tà, owó tí ẹ fẹ́ kó sórí ẹ̀rọ alápá mẹ́rin yẹn, ẹ fi ra heat press, ẹ̀rọ tó ń fi ooru tẹ aṣọ. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó yẹ ẹni tó ń ṣe é nílé nìyẹn, lójú tèmi, torí ìwọ̀n ooru àti àkókò tí ẹ bá yàn fún un ló máa lò lórí gbogbo aṣọ. Àwọn ilé iṣẹ́ kan tún ń ta èròjà tí a ń pò mọ́ yíǹkì olómi kó lè dì láìsí ooru púpọ̀. Ó dára, àmọ́ iye tí ẹ máa lò lọ́jọ́ náà nìkan ni kí ẹ pò, torí èyí tó bá kù kò ní ṣeé lò mọ́.

Ẹ má gbé aṣọ sínú ààrò tí ẹ fi ń se oúnjẹ o, yálà yíǹkì olómi ni tàbí plastisol.

Kí ẹ tó gbé aṣọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ fọ ọ̀kan nínú wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀márùn-ún, bí ẹni tó rà á ṣe máa fọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ ò tíì fọ̀. Aṣọ náà á sọ òótọ́ tí yíǹkì kò sọ. Ẹ fi aṣọ funfun tàbí aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ òwú pọ́ńbélé. Pọlíẹ́sítà ní wàhálà tirẹ̀: bí ooru bá kàn án, aró inú rẹ̀ lè gòkè wọ inú yíǹkì, kí yíǹkì funfun tí ẹ tẹ̀ sára aṣọ pupa di pupa rúsúrúsú.

Ẹ máa gbọ́ pé plastisol rọrùn jù. Ní ti pé kì í gbẹ sójú screen, òótọ́ ni. Ó lè wà níbẹ̀ di ọ̀la. Àmọ́ ike PVC ló wà nínú rẹ̀, kò ní gbẹ láéláé bí kò bá rí ooru bíi 160, omi lásán kò lè fọ̀ ọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dà á sí ojú gọ́tà. Lórí aṣọ dúdú ló ti ń fakọ yọ, torí funfun rẹ̀ ń bo aṣọ mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí aṣọ dúdú dúró di ìgbà tí funfun bá ti mọ́ yín lọ́wọ́.

Kí n tó dákẹ́, ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń mú emulsion yín gba ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí dichromate lára ìgò rẹ̀, ẹ dá a padà. Ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Èyí tó jẹ́ diazo tàbí photopolymer ni kí ẹ lò. Diazo ni ẹ máa fúnra yín pò, ẹ sì gbé e sínú fírìjì, níbi tí oúnjẹ kò sí. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣí emulsion àtijọ́ kúrò láti fi ṣe àwòrán mìíràn, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ dáàbò bo ojú yín, ẹ ṣí fèrèsé. Àwọn kan ń lo bílíìṣì. Ẹni tó bá lò ó kò gbọ́dọ̀ pò ó mọ́ fínígà tàbí amónìà, torí èéfín tó máa jáde lè ṣekú pani. Ohun tí wọ́n dìídì ṣe fún un dára jù. Ẹ fi pa ojú méjèèjì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, ẹ sì fi omi tó lágbára ṣàn án kúrò kó tó gbẹ. Bó bá gbẹ sójú mesh, emulsion náà kò ní ṣí mọ́, mesh tuntun lẹ máa rà.